Ọ̀rọ̀ Kan Tí Títí Ń Kúnlẹ̀ Sọ

Bí mo bá ní àjò ni mo wà, àwọn ọ̀rẹ́ mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń fi mí rẹ́rìn-ín. "Benin náà ni àjò? Bọ́ọ̀sì lo wọ̀ débẹ̀ kẹ̀!" Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jí ní ìlú kan, tó gbọ́ tí ìyá onílé ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ ní ìta, tí kò sì mọ̀ bóyá èébú ni tàbí àdúrà, onítọ̀hún ti dé àjò. Ohun tó gbé e débẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan.

Iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn wa ní Ìbàdàn ló ní kí n wá máa kó ìròyìn ìpínlẹ̀ Edo jọ fúngbà díẹ̀. Nígbà tí a dé, Títílayọ̀ ọmọ mi ṣì ń sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún báyìí, a jọ ga bákan náà, irun ẹ̀bá etí mi sì ti funfun. "Ìgbà díẹ̀" yẹn ni mo ṣì ń lò.

Ìkíni ló kọ́kọ́ mú mi mọ̀ pé mo ti kúrò nílé. Ní Ìsẹ́yìn tí wọ́n bí mi sí, o kò lè jáde lọ ra iyọ̀ kí ẹnu rẹ má ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú òòrùn yìí. Ẹ kú ewu ọmọ. Ẹ kú àfẹ́kù, fún ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù. Kò sí ohun tó lè ṣe èèyàn tí kò ní ìkíni tirẹ̀. Ní àárọ̀ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí a kó dé àdúgbò Uwasota ní Benin, mo rí ọkùnrin kan tó lóṣòó ti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, ó ń tún un ṣe. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ó gbójú sókè, ó ké sí ẹnì kejì rẹ̀: "See Ngbàtí! Another one don come!"

Bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá nìyẹn, kò fi bú mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì bọ̀ mí lọ́wọ́ tòun ti ọ́ìlì. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ẹnu mi ti kún fún ìkíni tí n kò rí ẹni tí màá kí. Mo máa ń rí arúgbó tó jókòó síwájú ilé, "ẹ kú ìjókòó" á dé orí ahọ́n mi, màá sì gbé e mì.

Iṣẹ́ kò jẹ́ kí n rò ó jù. Mo ń lọ sí kọ́ọ̀tù, mo ń lọ sí ibi tí mọ́tò ti kọlu mọ́tò, mo ń lọ sí ibi tí ilé ti wó. Ìbéèrè kan náà ni mo máa ń bi àwọn èèyàn níbi gbogbo: "Kí lẹ fi ojú ara yín rí?" Bí ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí àwọn ẹlòmíràn wí, màá dá a dúró. Orí ìbéèrè yẹn ni mo gbé orúkọ mi lé. Àwọn ọ̀rẹ́ mi nínú iṣẹ́ máa ń fi ṣe mí yẹ̀yẹ́ pé bí mo bá dé ọ̀run, màá béèrè lọ́wọ́ àwọn áńgẹ́lì pé ta ló wà níbẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀.

*

Dókítà ló sọ fún wa pé ọ́tísíìmù ni ohun tó ń ṣe Títí. Ó ní kì í ṣe àrùn tí à ń wò sàn, bí a ṣe dá a ni. Ó ń gbọ́ Yorùbá dáadáa. Bí mo bá ní "lọ gbé ìgò omi wá," á gbé e wá, á sì wí pé, "Take." Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: "Take," "Finish," "No want." Gẹ̀ẹ́sì àti Pidgin ló fi ń sọ ọ́, bíi ti àwọn ọmọ wa tó dàgbà síbí.

Ariwo ni ọ̀tá rẹ̀. Ariwo, àti kí èèyàn dédé fọwọ́ kàn án. Bí méjèèjì bá pàdé, á sá. Mo sọ fún dókítà nígbà kan pé ìbá dára kí n mọ ibi tó máa ń sá lọ. Ó ní, "Bàbá Títí, kì í sá lọ síbì kan. Ó ń sá kúrò níbì kan ni."

Ìyá rẹ̀ wà ní ìlú òyìnbó, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó níbẹ̀. Àwa méjèèjì la jọ gbà pé kó lọ. Ó máa ń pè wá lójú fídíò, ṣùgbọ́n Títí kì í wo ojú fídíò. Á gba fóònù lọ́wọ́ mi, á fi ojú fóònù náà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, á dijú. Bí ìyàwó mi bá wà lójú fóònù, etí ọmọ rẹ̀ nìkan ló ń rí.

Màmá mi ń pè láti Ìsẹ́yìn. Ohun kan ni tiwọn, wọn kì í yí i padà.

"Ṣé ọmọ mi ti ń kí èèyàn?"

"Kò tíì, Màmá."

"Kò kí ìwọ bàbá rẹ̀ láàárọ̀ yìí?"

"Ara rẹ̀ le, Màmá. Ó jẹun."

"Adìẹ náà ń jẹun," ni Màmá wí. Wọn kò fi ṣe ìkà. Lójú tiwọn, ọmọ tó bá lè kúnlẹ̀ kí àgbà ti di èèyàn, èyí tó kù á máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Lárààárọ̀, bí mo bá ń múra iṣẹ́, Títí máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ìyá onílé wa nísàlẹ̀. Opó Ẹ̀dó ni, Màmá Osaro là ń pè é, ó sì ń sin adìẹ. Mo rò pé adìẹ ni Títí ń lọ wò.

*

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá ń ṣe ìpàdé oṣooṣù nílé ẹnì kan ní Ugbor. Ọ̀dọ̀ Màmá Osaro ni mo máa ń fi Títí sí bí mo bá ń jáde, ṣùgbọ́n Màmá Osaro ti lọ síbi òkú kan ní abúlé wọn lójú ọ̀nà Auchi. Mo bá mú Títí dání. Mo fi ohun ìbotí rẹ̀ tó ń dín ariwo kù sí i létí, mo sì fi í sí igun yàrá.

Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa títí tí Ìyá Ẹgbẹ́, aṣíwájú àwọn obìnrin wa, fi wọlé. Obìnrin onínúure ni. Ó rí ọmọge tó jókòó tí kò dìde.

"Ta ló ni ọmọge yìí?"

"Èmi ni, Mà," ni mo wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀, ara rẹ̀ ni kò..."

"Kí n fi í sílẹ̀ ṣe kí ni? Ṣé torí pé a wà ní Benin làwọn ọmọ wa ò ṣe ní kí àgbà mọ́? Ọmọ Yorùbá! Kúnlẹ̀, jàre!" Ó yọ ohun ìbotí yẹn kúrò létí rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, ó sì fọwọ́ méjèèjì tẹ èjìká rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni ẹni tó ń tún ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣe tàn án. Ẹ̀rọ náà hó bí ẹni tí wọ́n fi irin gbígbóná kàn.

Títí ké. Ó da kúlà omi dànù, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde.

Ohun tí ẹni bí ọgọ́ta tó jẹ́ Yorùbá máa ń ṣe bí ọmọ bá sá ni a ṣe: gbogbo wa sá tẹ̀ lé e, a sì ń pariwo. "Títí! Títí o! Ẹ bá wa mú un! Ẹ mú un!" Ọmọ tó ń sá fún ariwo, ariwo la fi ń lé e.

Mo gbọ́ ọkùnrin kan lójú títì tó béèrè pé, "Wetin she tiff?" Ẹlòmíràn ní, "Hold am!" Mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó bẹ̀rẹ̀, tó mú pákó kan nílẹ̀. Mo ti kọ ìròyìn irú rẹ̀ rí. Mo mọ bí ó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, mo sì mọ bí ó ṣe máa ń parí. Mo yíjú padà sí àwọn èèyàn mi, mo na ọwọ́ méjèèjì, mo ní, "Ẹ dúró! Ẹ má sáré mọ́! Ẹ dákẹ́!" Mo yí sí ti ìta: "Na my pikin! She no tiff anything! Na my pikin!"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wò mí, ó sọ pákó sílẹ̀. "Oga, sorry. The way una dey run, I think say na thief."

Nígbà tí gbogbo ojú pópó fi dákẹ́, Títí ti yà ní ìkóríta. A kò rí i mọ́.

*

"Ọmọ tó bá sá, ilé ni yóò forí lé." Alága ẹgbẹ́ wa ló sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo wa sì gbà. A pín ara wa. Apá kan lọ sí ilé mi ní Uwasota. Apá kejì lọ sí ibùdókọ̀ tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ Òrè àti Ìbàdàn, a ń wojú èrò nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó bi wá léèrè pé ilé wo. Lójú tiwa, ilé wà lápá Òrè, ó wà lápá Ìwọ̀ Oòrùn.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀gá tó wà níbẹ̀ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi bí mo ṣe máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kí ni ó wọ̀? Àdìrẹ aláró. Ṣé ó máa ń sọ̀rọ̀? Díẹ̀. Ẹ̀yà wo ni? Yorùbá. Mo lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò tí ọ̀rẹ́ mi kan wà, mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìkéde. Ó ṣe kedere, kò sì gùn, bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ wa láti máa kọ ọ́: ọmọbìnrin Yorùbá kan, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ga, ó wọ àdìrẹ aláró, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó gbọ́ èdè Yorùbá. Ẹni tó bá rí i kí ó má ṣe pariwo mọ́ ọn.

Ìyàwó mi wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí mo pè é. Kò sunkún. Ó ní, "Ṣé bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀?" Mo ní ó wà. Mo ń gbọ́ arúgbó òyìnbó kan lẹ́yìn rẹ̀ tó ń pè é, tó ń pè é. Ó ní, "Mò ń bọ̀, mò ń bọ̀." N kò mọ ẹni tó ń dá lóhùn nínú àwa méjèèjì.

Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ibùdókọ̀. Ó káwọ́ lérí, ó ní, "Ẹ kú àfẹ́kù o, Bàbá Títí." Ìkíni tó tọ́ ni. Bí mo bá wà nípò rẹ̀, òun ni èmi náà ìbá kí. Ṣùgbọ́n òun náà là ń kí ẹni tí ikú bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo ní, "Ẹ má kí mi bẹ́ẹ̀! Ẹ má kí mi!" Ó dúró, ó ń wò mí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé mi tí mo kọ ìkíni.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, Màmá pè láti Ìsẹ́yìn; ìyàwó mi ti sọ fún wọn.

"Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ báyìí?"

"Mo wà nílé, Màmá. Wọ́n ní kí ẹnì kan wà nílé bóyá á padà wá."

"Mo gbọ́. Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ?"

"Kò sí ẹnì kankan."

"Nínú gbogbo ìlú ńlá yẹn?"

Mo fẹ́ sọ pé àwọn ẹgbẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni, pé ọ̀nà wọn jìn. Màmá kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Wọ́n ní kí n má pa fóònù. Wọn kò sọ̀rọ̀ mọ́. Mo ń gbọ́ mímí wọn, mo ń gbọ́ ewúrẹ́ Ìsẹ́yìn, títí tí káàdì wọn fi tán.

*

Màmá Osaro dé lówùúrọ̀, aṣọ òkú ṣì wà lára rẹ̀, igbá ẹrù wà lórí rẹ̀. Ó ti gbọ́ rédíò nínú bọ́ọ̀sì. Kò sọ ẹrù kalẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Oga Reporter, which kain nonsense be that wey dem read for radio?"

Mo ní kí ni kò dára níbẹ̀.

"You say Yoruba girl. Yoruba dey write for her face? Person wey see am, how e go take know say na Yoruba?"

"Màmá, she dey hear Yoruba. If dem talk to am..."

"Who go talk Yoruba to am for Benin? No be wetin dem tell am people go hear. Na wetin she talk." Ó wá sọ ẹrù kalẹ̀. "You no know wetin your pikin dey talk every morning?"

N kò mọ̀. Èmi tí mo máa ń bi gbogbo ayé pé kí lẹ fi ojú ara yín rí.

Báyìí ni Màmá Osaro ṣe sọ ọ́, mo sì ń fi í sílẹ̀ bí ó ṣe sọ ọ́ gan-an: "When my son pikin dem dey this house, every morning dem go come kneel down greet me 'Lavbieze.' Na so my husband people dey greet. Your Títí go siddon for staircase dey look. When my son carry im family go Abuja, this compound cold. I siddon for my stool that morning, nobody to greet me. I come see Títí dey come down. She waka reach my front. She kneel down. She say 'Lavbieze.' I cry that day. Since then she never miss one morning."

Ẹni tó bá mọ Benin mọ ohun tí ó ń sọ. Ìdílé Ẹ̀dó kọ̀ọ̀kan ló ní ìkíni àárọ̀ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ kan péré, tí ọmọ ń kúnlẹ̀ fi kí àwọn òbí rẹ̀. Ti ààfin yàtọ̀, ti àwọn ìjòyè yàtọ̀ síra wọn. Bí ọmọ bá la ẹnu, àlejò ti mọ ilé bàbá rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Mo tilẹ̀ ti kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn rí. N kò mọ̀ pé ó ti gun àtẹ̀gùn wọlé mi.

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn yẹn. Mo rò nípa ìkíni tiwa tí mo fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀. O gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ojú èèyàn. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ ni? Ṣé ó jókòó? Ṣé ó ti ìrìn àjò dé ni, tàbí ó bímọ, tàbí ó ń sọkún? O gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ó jù ọ́ lọ. O gbọ́dọ̀ ṣe gbogbo ìyẹn kí ó tó kọjá. Ọgbọ́n ńlá ni, ṣùgbọ́n ojú èèyàn gan-an ni Títí kò lè kà. Lójú tirẹ̀, ọjà tó ń pariwo ni ìkíni Yorùbá. Ní ìsàlẹ̀ níbẹ̀, ó rí obìnrin kan, àpótí ìjókòó kan, ọ̀rọ̀ kan tí kì í yí padà, ní òjò ní ẹ̀ẹ̀rùn. Ó lọ mú un.

"Màmá," ni mo wí, "did she know where you go?"

"She escort me go Aduwawa before, two, three times, when I wan buy yam. Na there I dey enter motor go village." Ojú wa pàdé. Ọ̀nà Auchi ni Aduwawa wà. Gbogbo wa ti dúró sí ọ̀nà Ìbàdàn.

Mo pe ọ̀rẹ́ mi ní rédíò. Mo ní kí ó ya ìkéde àná dànù. Ó ka tuntun náà ní Pidgin àti ní Ẹ̀dó: a ń wá ọmọbìnrin kan tó ń kí èèyàn ní Lavbieze, ó ṣeé ṣe kó wà ní agbègbè Aduwawa. N kò fi ẹ̀yà kankan sí i.

Fóònù mi dún kí n tó wọ bàtà tán. Ohùn àgbà ọkùnrin ni.

"Na you dey find pikin?"

"Yes, sir. Na me be her papa."

"You? Which side of our family you come from?"

"Sir, I no be una family. I be Yoruba."

"Yoruba?" ni ó wí. "Come first."

*

Ilé náà wà lẹ́yìn ọjà Aduwawa. Mo bẹ Màmá Osaro kó tẹ̀ lé mi, mo sì bẹ gbogbo ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà pé kí wọ́n má pariwo, kí wọ́n má yọ̀. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. N kò rí àwùjọ tó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí ní ìlú Benin.

Obìnrin tó ń ta iṣu ló kọ́kọ́ rí i. Mo bi í ní ìbéèrè mi. Ó ní, "With my own two eyes: she come down from bus, come enter under my table, cover her ear. I say wetin be your name, she no talk. I say where you dey go, she no talk. I carry water give am. She drink, she kneel down, she say 'Lavbieze.' I say ah! This one get people. I carry am come meet Pa."

Pa náà jókòó sórí àga rẹ̀ nínú pálọ̀, ó ró aṣọ funfun. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ní àwọn gbọ́ ìkéde mi lánàá. "I tell Papa say dem dey find one Yoruba girl. Papa say leave that one, God go help them, this our own no be Yoruba."

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe láti àná. Pa ti ránṣẹ́ sí gbogbo ẹ̀ka ìdílé wọn, ní Benin, ní Èkó, títí dé ìlú òyìnbó, pé ta ni ọmọ rẹ̀ sọnù. Bí èmi ṣe ń wá Títí láàárín Yorùbá ni òun ń wá bàbá rẹ̀ láàárín àwọn èèyàn tirẹ̀. Àwa méjèèjì ń wá kiri, Títí sì wà nínú yàrá tó kàn, ó jẹun yó, ó ń to hóró ẹ̀gúsí sórí atẹ́ ní ìlà-ní-ìlà.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà. Bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. N kò pe orúkọ rẹ̀.

Kò gbójú sókè. Ó ní, "Daddy. Mama never come."

"She don come," ni mo wí.

Màmá Osaro yọjú lẹ́yìn mi. Títí dìde, ó rìn kọjá lára mi, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Lavbieze." Màmá dá a lóhùn ní Ẹ̀dó, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n, bí ẹni pé orí àpótí rẹ̀ ló wà. Ó wá yíjú sí ògiri, ó fi etí aṣọ nu ojú.

Dókítà ti sọ pé kúrò níbì kan ló máa ń sá. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ń lọ síbì kan.

Mo padà sí pálọ̀. N kò rò ó tẹ́lẹ̀. Àyà mi ti kan ilẹ̀ kí n tó mọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Pa, bí wọ́n ṣe kọ́ mi ní Ìsẹ́yìn. Ó ti pẹ́ tí mo ti dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni kẹ́yìn. Sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ náà tutù mọ́ mi lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Ah-ah! Wetin dey worry this man? Stand up!" Pa bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. "So na Yoruba pikin I dey share among my brothers since yesterday! One of them for Lagos don even begin quarrel im wife!"

Mo ní, "Sir, abeg no vex. She no know say the greeting no be her own."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Who talk say no be her own? Pikin kneel down for my front, call my papa house. She don greet. I don answer. Wetin remain?" Ó nawọ́ sí mi kí n dìde. "Anywhere she lost for this Benin, make she just open mouth. Dem go carry am come."

Mo rò ó nínú kẹ̀kẹ́ tí a wọ̀ padà. Títí wà láàárín èmi àti Màmá Osaro, ó ti fi ohun ìbotí rẹ̀ tí mo mú dání sétí. Bí èmi bá sọnù ní ìlú yìí tí mo ti lo gbogbo ọdún wọ̀nyí, kí ni màá la ẹnu sọ tí ẹnì kan á fi mọ ilé tí wọn yóò gbé mi lọ?

*

Ìyá Ẹgbẹ́ wá kí wa lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó yọ bàtà sísàlẹ̀ kó má baà dún, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó wà ní yàrá aláìsàn. "Ẹ má bínú, Bàbá Títí. Mo rò pé ẹ ò kọ́ ọ ni." Mo ní kò sí wàhálà. Títí kọjá láàárín wa lọ gbé omi. Ìyá Ẹgbẹ́ ká ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, kò fọwọ́ kàn án.

Màmá mi pè láti Ìsẹ́yìn ní àárọ̀ ọjọ́ kan láìpẹ́ yìí. Mo gbé fóònù sórí tábìlì ẹ̀bá àtẹ̀gùn, mo jẹ́ kí ohùn wọn jáde síta.

"Ṣé ọmọ mi ti ń kí èèyàn?"

"Ó ń kí èèyàn, Màmá. Ó ti pẹ́ tó ti ń kí wọn." Mo sọ ohun gbogbo fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún wọn.

"Tún un sọ."

Mo tún un sọ. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ lẹ́nu. Ó gba Ìsẹ́yìn kọjá kó tó jáde, ṣùgbọ́n ó jáde. Títí tó ń bọ̀ lójú àtẹ̀gùn dúró. Ó wo fóònù. Ó kúnlẹ̀ síwájú tábìlì.

"Lavbieze."

"Kí ni mo máa dá a lóhùn?" Ìbẹ̀rù wà nínú ohùn Màmá. N kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu wọn rí.

"Ẹ dá a lóhùn bí ẹ ṣe máa ń dá ọmọ yín lóhùn."

Wọ́n ní, "O káàárọ̀, Àkànkẹ́ mi. Ṣé dáadáa lo jí?"

Títí dìde, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Màmá Osaro. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kejì nísàlẹ̀, mo gbọ́ ìdáhùn, mo gbọ́ adìẹ.

"Ìwọ ńkọ́?" ni Màmá wí. "Ṣé ó ti kí ọ?"

"Kò tíì, Màmá."

Mo ti gbé àga kan sí ẹ̀bá àtẹ̀gùn níbi tí kò ní ṣàì gbà kọjá. Mo máa ń tètè bọ́jú báyìí. Màá jókòó síbẹ̀, ní ibì kan náà, láàárọ̀ gbogbo, màá sì pa ẹnu mi mọ́.